Kẹ́hìndé Lijadu àti ìbéèrè tó ń da àwọn olórin ọmọ ìyá láàmú: ta ló ni orin?

Bí wọ́n bá gbé àwo Lijadu Sisters, ìyẹn Táyéwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, sórí ẹ̀rọ níbi ayẹyẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tó ti gbọ́njú nígbà FESTAC á mirí, wọ́n á ní, "Àwọn ìbejì wa nìyẹn." Ohun tí àwọn ọmọ wọn mọ̀ kò ju pé àwọn ti gbọ́ orin náà lábẹ́ fídíò kan lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé èwo ni ohùn Kẹ́hìndé nínú ohùn méjèèjì, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹ tún béèrè pé ta ló ń gba owó orin náà, gbogbo ẹnu á là lẹ́ẹ̀kan náà: ilé-iṣẹ́ àwo ni, rárá, mọ̀lẹ́bí Fẹlá ni, rárá o, orin tó ti pẹ́ tó báyẹn ti di ti gbogbo ayé. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tó tọ̀nà tán nínú wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kún fún olórin ọmọ ìyá. Wọ́n wà láàárín akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣágámù, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ asálátù ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ń kọrin ìyàwó ní Ìpẹru, wọ́n sì ń gba orin sílẹ̀ ní àwọn stúdíò kéékèèké tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á wò yín bí ẹni tó fẹ́ da ilé wọn rú. "Ọ̀kan náà ni wá." Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n òfin kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn Kẹ́hìndé Lijadu ló fi èyí hàn jù lójú tèmi, nítorí pé kò sí olórin ọmọ ìyá méjì tó sún mọ́ra tó tòun àti Táyéwò.

Jos ni wọ́n bí wọn sí, lọ́jọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1948. Ìbejì tó jọra pátápátá ni wọ́n, irú èyí tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì nínú ìyá. Ní ti àṣà wa, Kẹ́hìndé ló rán Táyéwò ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n. (Ipò ẹ̀gbọ́n yìí kò ní wúlò rárá nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn.) Ní ti Fẹlá, mọ̀lẹ́bí wọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbátan wọn jìn díẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìyá wọn, kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ti bàbá wọn. Wọn kò sí lára àwọn ayaba tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀ ní Shrine. Orin tiwọn ni wọ́n ń kọ, lórúkọ ara wọn.

Lọ́dún 1968 ni Decca gbé orin wọn àkọ́kọ́ jáde, Iya Mi Jowo. Ní ọdún 1972 wọ́n wà pẹ̀lú Salt, ẹgbẹ́ Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé, nígbà tí ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní Munich lásìkò Òlíńpíìkì. Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Urede, jáde ní 1974. Lẹ́yìn náà ni mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn láàárín ọdún mẹ́rin lábẹ́ Afrodisia, ẹ̀ka Decca: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright, ẹni tó mọ oríṣiríṣi ohun èlò orin lò, wà lẹ́yìn wọn nínú iṣẹ́ náà. Ẹ máa gbọ́ Afrobeat níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ disko àti rẹ́gẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ Yorùbá tó dán mọ́rán. Ní tèmi, àwọn tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní Afrobeat kàn ń fi orúkọ Fẹlá sọ ara wọn di ọlọ́gbọ́n ni.

Wọ́n bá Sunny Adé lọ káàkiri Amẹ́ríkà ní 1988, wọ́n sì jókòó sí Brooklyn. Ní 1996, Kẹ́hìndé já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé, ó sì fi eegun ẹ̀yìn ṣèṣe gidigidi. A máa padà sórí ìṣubú yìí, torí òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ orin kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ohùn. Kí ló dé tí etí kò fi lè ya Kẹ́hìndé kúrò lára Táyéwò? Tán-án-ná inú ọ̀fun ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n yẹn nìkan kò tíì di ohùn tí èèyàn mọ̀. Ihò ọ̀fun, ihò imú, àjà ẹnu, ahọ́n àti eyín ló ń fún un ní àwọ̀ tí a fi ń mọ̀ pé lágbájá ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí bákan náà. Lórí ìyẹn, inú ilé kan náà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lanu pe ọ̀rọ̀, ibi tí a ti ń mí, ìgbà tí a ń fa ọ̀rọ̀ gùn àti ìgbà tí a ń gé e. Bí akọrin méjì tí kò bára tan bá pe "a" pọ̀, ẹnu ọ̀kan lè là ju ti èkejì lọ, etí á sì gbọ́ èèyàn méjì. Ohun tó ń mú ọ̀gá akọrin lu tábìlì ní gbogbo ìdánrawò nìyẹn. Ọmọ ìyá kì í sábà nílò ìlù tábìlì yẹn.

Ohun kejì wà tó jẹ́ ti èdè wa, tí àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa wọn kì í sábà rí. Yorùbá kì í jẹ́ kí orin lọ síbi tó wù ú. Bí orin bá sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó dúró lójú kan, ọkọ tí ìyàwó ń kì lè di ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí Èkó. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá fẹ́ kọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ ní Yorùbá, ọ̀nà tó dára jù ni kí ohùn ìsàlẹ̀ máa tẹ̀lé ohùn òkè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ á ṣe yé èèyàn lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́nu ìbejì. Ohùn méjì tó jọra, tó ń rìn ní ẹsẹ̀ kan náà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà: etí á kàn gbà á bí ohùn ẹnì kan tó nípọn. Ní stúdíò, ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń ṣe irú èyí fún akọrin kan ṣoṣo. Á kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á to èkejì lé èkíní lórí. Àwọn Lijadu kò nílò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun kò lè mọ èwo ni Kẹ́hìndé kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Haruna Ishola, olórin àpàlà, gbé stúdíò Phonodisk kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìparí àwọn ọdún 1970, ojú ọ̀nà mẹ́rìnlélógún ni ẹ̀rọ rẹ̀ ní, ìyẹn ni pé ohùn tàbí ohun èlò mẹ́rìnlélógún lè wà lórí téèpù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á dá wà láyè tirẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí stúdíò yẹn ṣe lókìkí tó, kó yí ẹ̀yìn páálí àwọn àwo disko Nàìjíríà ìgbà yẹn, kó wo iye ibi tí orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó ti jáde.) Lórí irú téèpù bẹ́ẹ̀, ohùn ìbejì kan lè wà lójú ọ̀nà kan, ti èkejì lójú ọ̀nà míì. Ohun tí ará ìta gbọ́ bí ọ̀kan, méjì ni lórí téèpù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níwájú òfin.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wá kàn báyìí, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Mo máa fi ilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí ọmọ Ìjẹ̀bú kì í bèèrè pé kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fún òun. Orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹni tó kọ ọ́ ronú kàn, ni ilẹ̀. Àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni ilé tí wọ́n kọ́ lé ilẹ̀ náà. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè má ni ilé. Bí ẹgbẹ́ akọrin kan ní Ìkẹnnẹ́ bá tún orin náà kọ lóhùn tiwọn, ilé míì ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni wọ́n máa lọ gbàṣẹ, wọn kò jẹ onílé àkọ́kọ́ ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gé ègé kan lára àwo gan-an, ó ti wọ inú ilé onílé, ó sì ti tẹ ilẹ̀ onílẹ̀. Àṣẹ méjì ló máa gbà.

Irú ègé bẹ́ẹ̀ ni Nas, olórin rap ní Amẹ́ríkà, gé lára Life's Gone Down Low. Orin náà wà nínú Danger. Ní 2006 ó gé e, ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ orin tirẹ̀, Life's Gone Low. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà yìí ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé, láìmọ̀ pé òun ni. Àwọn ọmọ tó ń ṣe bíìtì lọ́dọ̀ wa máa ń sọ pé bí ègé náà kò bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n lọ, kò sẹ́ni tó lè múni. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Kò sí ìṣẹ́jú-àáyá kankan tí òfin kà sílẹ̀ pé ó di ọ̀fẹ́.

Ta wá ni onílé, ta ni onílẹ̀? Àwọn ìbejì yìí ló ń kọ orin wọn fúnra wọn, nítorí náà ilẹ̀ ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Ní ti ilé, nígbà náà lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ àwo ló ń sanwó stúdíò, òun ló ń tẹ àwo, òun ló ń gbé e lọ sọ́jà, òun náà ló sì ń kọ ìwé àdéhùn. Ohun tí ìwé yẹn bá sọ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí master, ìyẹn téèpù àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹ̀dà ti ń jáde. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn ìbejì náà kò fi bò rárá pé ìlò tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń lo obìnrin kò dára. Kì í ṣe pé obìnrin olórin ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Bàtílì Àlàkẹ́ ti gbé wákà Ìjẹ̀bú sórí àwo ṣáájú wọn. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ni obìnrin kò pọ̀ sí.

Haruna Ishola tètè rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀, kó tó wá di pé ó kọ́ stúdíò. Alápàlà tó ní ilẹ̀, tó ní ilé, tó tún ní ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù! Bí wọ́n bá ń pe Ìjẹ̀bú ní ẹni tó mọ owó, àpẹẹrẹ tó yẹ kí wọ́n máa mú nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ń ná an lóde àríyá.

Ní ti ọdún tí ẹ̀tọ́ máa fi wà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2022 pín in sí méjì. Ẹ̀tọ́ lórí orin tí èèyàn kọ máa wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, á sì tún fi àádọ́rin ọdún kún un, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìparí ọdún tó kú. Ẹ̀tọ́ lórí àwo jẹ́ àádọ́ta ọdún láti ìparí ọdún tí àwo kọ́kọ́ jáde. Ẹ wá fi Danger ṣírò: 1976 ló jáde, àádọ́ta ọdún rẹ̀ ní Nàìjíríà á pé ní ìparí 2026. Òfin ilẹ̀ òkèèrè lè fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹni tó ní orin àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé gbá etí òtítọ́ mú, kò mú orí rẹ̀. Àwo lè di ti gbogbo ayé, kí orin inú rẹ̀ sì ṣì ní olówó. Oroki Social Club ti Haruna Ishola jáde ní 1971. Haruna kú ní 1983, nítorí náà ìṣirò orin tó wà nínú rẹ̀ á gùn dé ìparí 2053.

Bí ẹni méjì bá jọ kọ orin kan, ikú ẹni tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ka àádọ́rin ọdún náà. Kẹ́hìndé kú ní New York lọ́jọ́ 9 oṣù Bélú, ọdún 2019, lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ikú rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ kíkà kankan lórí àwọn orin tí òun àti Táyéwò jọ kọ, bẹ́ẹ̀ ni ìpín rẹ̀ kò fò lọ sọ́wọ́ Táyéwò nítorí pé wọ́n jẹ́ ìbejì. Ẹ̀tọ́ orin jẹ́ dúkìá bíi mọ́tò tàbí owó báńkì. Ẹni tó ni ín lè fi í sínú ìwé ìhágún. Bí kò bá kọ ọ́, ẹbí á pín in bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Ní ilé tí bàbá ti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀: àwọn kan á ní ìdí-igi, àwọn kan á ní orí-ò-jorí, orin kan ṣoṣo á sì ní olówó mẹ́rìndínlógún tí kò sí èyí tó lè fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó fẹ́ fi orin náà sínú fíìmù.

Mo ní a máa padà sórí ìṣubú 1996. Olórin tí kò bá lè dúró lórí ìtàgé mọ́, kí ló kù fún un? Ìnáwó àríyá dópin, ẹni tó ń fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú kò sí mọ́. Ohun tó kù ni èyí tí àwo bá ń pa wọlé, ìyẹn náà sì dúró lórí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nígbà tí ara ṣì le. Láti 1996 títí di bíi 2011, tí Knitting Factory, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo wọn tẹ̀ jáde, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín. Ní 2014 wọ́n padà sórí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ń ṣe àpọ́nlé orin William Onyeabor, olórin Nàìjíríà bíi tiwọn, inú ọ̀pọ̀ èèyàn sì dùn láti rí wọn. Lọ́dún 2024, Numero Group, ilé-iṣẹ́ àwo mìíràn, tún gbé Horizon Unlimited jáde, Táyéwò nìkan ló sì kù láti bójú tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ yín kò ju abala ìwé kan lọ. Kí ẹ tó kúrò ní stúdíò, ẹ kọ orúkọ orin, ọjọ́, àti orúkọ gidi ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó dá ohùn àti ẹni tó ṣe bíìtì. Ẹ kọ iye tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì pé ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ ẹni tó ni master. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹgbẹ́ kò lè fọwọ́ síwèé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kò lè fọwọ́ sí i fún àbúrò tó ti dàgbà. Bí ẹnìkan nínú yín bá kàn ń kọrin tí kò kọ ọ̀rọ̀ kankan, òun náà ní ẹ̀tọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lo ohùn rẹ̀, nítorí náà ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí MCSN, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ olórin ní Nàìjíríà, máa bá yín gba owó lọ́wọ́ rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan lórúkọ gbogbo ilé.